Bí A Ṣe Ń Kó Àwọn Káàdì Fóìlì Tó Ṣọ̀wọ́n Nínú Magic: The Gathering Jọ

Nígbà tí Richard Garfield gbé eré káàdì Magic: The Gathering kalẹ̀ ní ọdún 1993, tí ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà sì tẹ̀ ẹ́ jáde, kò sí ọ̀kan nínú àwọn káàdì oṣó, iwin àti dírágónì inú rẹ̀ tó ń dán. Ọdún 1998 ni àkọ́kọ́ irú káàdì bẹ́ẹ̀, Lightning Dragon, dé ọwọ́ àwọn tó lọ síbi ìdíje tí wọ́n fi ṣí ìtẹ̀jáde Urza's Saga. Ní oṣù kejì ọdún 1999, Urza's Legacy di ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ tí ènìyàn lè tú páàkì rẹ̀ kí ó bá káàdì aláwọ̀ òṣùmàrè nínú rẹ̀. Fóìlì ni gbogbo àwọn atayò ń pè é, nítorí pé ìpele tín-ín-rín kan tó ń kọ mànà wà láàárín páálí káàdì náà àti tádàwà tí wọ́n fi tẹ àwòrán sí i. Ẹni tó bá fẹ́ kó irú káàdì yìí jọ ní láti kọ́kọ́ fi ọkàn sí i pé dídán kọ́ ló ń sọ káàdì di ọ̀wọ́n. Iye tí wọ́n tẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà pín in, àti bóyá wọ́n ṣì lè tún un tẹ̀, ni a fi ń mọ èyí tó ṣọ̀wọ́n ní tòótọ́.

Ìyàtọ̀ láàárín fóìlì àtijọ́ àti ti òde òní

Ní àkókò Urza's Legacy, fóìlì kan péré ló ń wà nínú ọgọ́rùn-ún káàdì. Káàdì 15 ló wà nínú páàkì kan, nítorí náà ènìyàn lè tú páàkì mẹ́fà tàbí méje kí ó tó rí ẹyọ kan, ẹyọ náà sì lè jẹ́ káàdì wọ́pọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wá. Nígbà tí Core Set 2020 jáde ní ọdún 2019, ó ti di fóìlì kan nínú káàdì 45. Ní ọdún 2019 kan náà ni Throne of Eldraine mú páàkì olówó gọbọi kan dé tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Collector Booster, tí ó jẹ́ pé fóìlì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí Murders at Karlov Manor sì ti jáde ní oṣù kejì ọdún 2024, kò sí Play Booster kan, ìyẹn páàkì lásán ti òde òní, tí ènìyàn yóò tú tí kò ní rí fóìlì nínú rẹ̀.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń ná owó rẹ̀ ni pé fóìlì òde òní pọ̀ lọ́jà, nígbà mìíràn kò sì wọ́n ju aláìdán rẹ̀ lọ. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà tó bá fẹ́ràn wọn, nítorí púpọ̀ nínú wọn rẹwà gan-an, àmọ́ kí ó rà wọ́n nítorí ẹwà wọn, kí ó má ṣe rò pé ọ̀wọ́n ni òun ń rà. Ẹni tó bá sì fẹ́ káàdì kan pàtó, kí ó ra ẹyọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ní i. Páàkì títú dùn, ṣùgbọ́n owó tí ẹlòmíràn ti fi tú ogójì páàkì láìrí ohun tó ń wá ti tó ra káàdì náà ní ẹyọ.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ìtẹ̀jáde méjì ti ọdún 1999, Urza's Legacy àti Urza's Destiny, ni mo máa ń ní kí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ wò, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Ní ọdún 1996, lẹ́yìn tí inú ti bí àwọn akókáàdìjọ nítorí àtúntẹ̀ tó bu ọjà wọn kù, Wizards of the Coast gbé àkọsílẹ̀ kan jáde tí à ń pè ní Reserved List, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn káàdì tó wà nínú rẹ̀ kò ní ní àtúntẹ̀ mọ́. Urza's Destiny ni ìtẹ̀jáde ìkẹyìn tí káàdì rẹ̀ wọ inú àkọsílẹ̀ náà. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé orí Urza's Legacy ni fóìlì inú páàkì ti bẹ̀rẹ̀, inú ìtẹ̀jáde méjì yìí nìkan ni ìlérí yẹn àti fóìlì inú páàkì ti pàdé ara wọn.

Fún ìgbà díẹ̀, àlàfo kan wà nínú ìlérí náà: wọ́n lè tún káàdì kan tẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé fóìlì nìkan ni wọn yóò fi ṣe. Àlàfo yìí ni Mox Diamond àti Memory Jar gbà padà dé nínú From the Vault: Relics ní ọdún 2010, òun náà ni Phyrexian Negator gbà padà dé nínú ọ̀kan lára àwọn Duel Decks ọdún yẹn. Ariwo pọ̀ láàárín àwọn akókáàdìjọ, ilé-iṣẹ́ náà sì kéde ní ọdún 2010 yìí kan náà pé àwọn yóò dí àlàfo ọ̀hún. Láti ìgbà náà, fóìlì Grim Monolith tàbí Palinchron láti inú Urza's Legacy, àti fóìlì Metalworker, Replenish, Academy Rector, Opalescence tàbí Yawgmoth's Bargain láti inú Urza's Destiny, kò lè pọ̀ ju bí wọ́n ṣe wà lọ. Wọn yóò máa dín kù ni, nítorí omi ń ba òmíràn jẹ́, òmíràn sì ń sọnù nígbà tí olówó rẹ̀ bá ń kó kúrò ní ilé kan sí òmíràn.

Lẹ́yìn wọn ni Seventh Edition ti ọdún 2001. Aláìdán rẹ̀ ní etí funfun, fóìlì rẹ̀ ní etí dúdú. Ẹni tó bá fi aláìdán àti fóìlì Birds of Paradise, Wrath of God tàbí City of Brass síra wọn yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé fóìlì náà dúró yàtọ̀ pátápátá. Eighth Edition àti Ninth Edition náà ṣe etí dúdú fún fóìlì tiwọn, ṣùgbọ́n férémù tuntun, ìyẹn bátànì ojú káàdì, ni wọ́n wọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó fẹ́ràn férémù àtijọ́ fi ń lé Seventh Edition kiri jù wọ́n lọ. Àwọn fóìlì tí wọ́n tẹ̀ ní èdè Rọ́ṣíà àti èdè Kòríà náà níye lórí, nítorí ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ní àwọn èdè wọ̀nyẹn.

Ọ̀wọ́ kẹta ni àwọn káàdì tí kò gba inú páàkì jáde rárá. Wizards of the Coast ti fi oríṣiríṣi fóìlì ta àwọn adájọ́ ìdíje lọ́rẹ. Gaea's Cradle ti ọdún 1998 wà lára àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn, káàdì yìí kò sì ní fóìlì inú páàkì nítorí Urza's Saga ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, kí fóìlì tó wọ páàkì. Yàtọ̀ sí wọn ni àwọn káàdì onínọ́ńbà, tí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ lára: inú páàkì ni a ti ń bá wọn, The Brothers' War sì ni ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ tí wọ́n kó wọn sínú páàkì rẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, pẹ̀lú ẹ̀dà 500 fún káàdì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí The Lord of the Rings: Tales of Middle-earth jáde ní ọdún 2023, wọ́n fi nọ́ńbà sí Sol Ring oríṣi mẹ́ta, ẹ̀dà ọ̀kan jẹ́ 300, ti èkejì 700, ti ẹ̀kẹta 900, kí iye náà lè bá iye òrùka inú ìtàn ọ̀hún mu. Inú ìtẹ̀jáde yìí náà ni The One Ring kan ṣoṣo wà, tí wọ́n kọ 001/001 sí lára, tí olórin Post Malone sì rà ní iye tí ìròyìn sọ pé ó tó mílíọ̀nù 2 dọ́là. Káàdì onínọ́ńbà ní àǹfààní kan: ẹ mọ iye tó wà láyé dájúdájú. Owó rẹ̀ ni ìṣòro, nítorí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó bá jáde ni ó sábà máa ń wọ́n jù, ẹni tó bá lè ní sùúrù fún oṣù mélòó kan sì máa ń rí i rà ní owó tó dínkù.

Ẹ yan ohun tí ẹ fẹ́ kó jọ kí ẹ tó ná owó. Ẹni tó bá ní gbogbo fóìlì ni òun fẹ́ kò ní rí ibi parí sí. Àwọn kan mú ìtẹ̀jáde kan ṣoṣo. Káàdì 143 ló wà nínú Urza's Legacy, 143 náà ló wà nínú Urza's Destiny, ó sì ṣeé kó jọ pé lẹ́yìn ọdún mélòó kan bí ènìyàn bá fi sùúrù ṣe é. Àwọn mìíràn mú ẹ̀dá kan nínú ìtàn eré náà. Èyí tí mo rò pé yóò wu àwa tí a ń ka èdè yìí ni Teferi, oṣó aláwọ̀ dúdú tó ti Zhalfir wá, ní ilẹ̀ Jamuraa, èyí tí wọ́n fi ilẹ̀ Áfíríkà ṣe àwòkọ́ rẹ̀ nínú ìtẹ̀jáde Mirage ní ọdún 1996. Mirage kò ní fóìlì, ṣùgbọ́n fóìlì Teferi, Mage of Zhalfir wà nínú Time Spiral ti ọdún 2006, Teferi, Hero of Dominaria wà nínú Dominaria ti ọdún 2018, Teferi, Time Raveler sì wà nínú War of the Spark ti ọdún 2019, tí ẹ̀dà èdè Japan rẹ̀ ní àwòrán tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀wọ́ kékeré tó ní ìtàn nínú ni èyí, owó rẹ̀ kò sì ga kọjá agbára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe ń ka káàdì kí a tó rà á

Ká ní fóìlì Metalworker kan wà lọ́wọ́ yín. Ẹ di etí rẹ̀ mú, kí ìka má kan ojú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, ẹ óò rí àmì ìràwọ̀ kan tó ń fò, tó ní ìrù. Àmì yìí ni wọ́n fi sára fóìlì láti Urza's Legacy títí dé Scourge ní ọdún 2003. Ní àárín lápá ọ̀tún ni àmì ìtẹ̀jáde wà: ìgò ilé ìdánwò ni ti Urza's Destiny, òòlù ni ti Urza's Legacy. Bí àmì náà bá jẹ́ àwọ̀ wúrà, káàdì náà ṣọ̀wọ́n. Bí ó bá jẹ́ fàdákà, ó wà láàárín. Bí ó bá dúdú, ó wọ́pọ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni nọ́ńbà rẹ̀ nínú 143 wà, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àwọn fóìlì tó jáde lẹ́yìn Scourge kò ní ìràwọ̀ onírù yẹn mọ́. Láti Magic 2015, tó jáde ní ọdún 2014, ẹ wo ìlà kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀: láàárín lẹ́tà tó dúró fún ìtẹ̀jáde àti èyí tó dúró fún èdè, fóìlì ní ìràwọ̀, aláìdán ní tó-tò kan. Ó yẹ kí ẹ mọ èyí dáadáa, nítorí ní báyìí wọ́n tún ń fi férémù àtijọ́ ṣe àtúntẹ̀, ẹni tí kò bá ka ìlà ìsàlẹ̀ lè ra káàdì ọdún 2021 ní owó ti ọdún 1999.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa yí káàdì náà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá wò ó gbọọrọ, fóìlì tó ti bàjẹ́ lè dà bí tuntun. Ìgbà tí ẹ bá dà á sí ẹ̀gbẹ́ ni àwọn ìlà tín-ín-rín tí èékánná tàbí tábìlì fà sí i lójú yóò jáde. Ẹ wò ó bóyá ìkùukùu kan bo dídán rẹ̀, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí fóìlì àtijọ́ tí ọwọ́ púpọ̀ ti kàn. Ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ wo etí ẹ̀yìn rẹ̀ fún ibi tó ti ṣí funfun. Ẹ tún wá ìlà tó tẹ̀ wọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí òrùka irin inú álíbọ́ọ̀mù máa ń tẹ káàdì, kò sì sí ohun tó lè tún un ṣe. Near Mint ni àwọn òǹtà ń pè é bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí tuntun, lẹ́yìn rẹ̀ ni Lightly Played, Moderately Played, Heavily Played àti Damaged. Ní ti fóìlì àtijọ́, ìyàtọ̀ owó láàárín ìkínní àti ìkejì pọ̀ gan-an.

Ayédèrú wà. Ìdánwò iná tí wọ́n máa ń fi mọ káàdì aláìdán kò wúlò tó bẹ́ẹ̀ fún fóìlì, nítorí ìpele tó ń dán máa ń dí ìmọ́lẹ̀ náà lọ́nà. Lẹ́ńsì kékeré tí àwọn oníwúrà fi ń wo òkúta ni kí ẹ lò. Ẹ fi wo lẹ́tà dúdú tó wà lójú káàdì: ti ojúlówó dúdú dẹ̀dẹ̀, etí lẹ́tà rẹ̀ sì mọ́, lára ayédèrú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ óò rí i pé tó-tò aláwọ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n kó jọ tí ó fi dà bí dúdú. Ẹ wá yí káàdì padà, kí ẹ gbé lẹ́ńsì sórí róbótó aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lára ojúlówó, tó-tò pupa mẹ́rin wà nínú rẹ̀ tí wọ́n tò bíi lẹ́tà L. Ẹ fi káàdì olówó pọ́ọ́kú tí ojúlówó rẹ̀ dá yín lójú wé e, kí ojú yín lè mọ ohun tó ń wá. Ẹ má ṣe tẹ káàdì po láti dán an wò bí àwọn kan ti ń ṣe láyé àtijọ́, nítorí fóìlì yóò sán.

Níbi tí a ti ń rà á

TCGplayer ni ọjà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò jù, Cardmarket tí ó wà ní Berlin ni ti ilẹ̀ Yúróòpù, eBay sì wà fún gbogbo ayé. Kí ẹ tó gba iye tí òǹtà bá dá, ẹ wo ìkànnì Scryfall, níbi tí wọ́n ti ya owó fóìlì sọ́tọ̀ kúrò lára ti aláìdán, kí ẹ sì wo iye tí wọ́n ti tà á gan-an lórí eBay, nítorí iye tí ènìyàn dá lé ọjà rẹ̀ lè má jẹ́ iye tí ẹnikẹ́ni ti san rí. Ẹ béèrè àwòrán ojú àti ẹ̀yìn, kí ẹ sì ní kí òǹtà ṣe fídíò kúkúrú tí yóò ti máa yí káàdì náà lábẹ́ iná. Òǹtà gidi kò ní bínú sí i. Ẹni tó bá wà ní Èkó tàbí Kútọnu lè ní kí ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tó wà ní London tàbí Houston gbà á fún òun, kí wọ́n kó púpọ̀ pọ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, kí ó sì ṣírò owó aṣọ́bodè mọ́ iye tí káàdì jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ kí ó má bàa ká

Páálí káàdì ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu, ìpele fóìlì kì í fà á. Ní àkókò òjò, páálí yóò gbòòrò, fóìlì kò ní bá a gbòòrò, etí káàdì yóò sì gbéra sókè síhà ojú àwòrán bí etí àwo. Ní ìgbà ọyẹ́, tàbí nínú ilé tí wọ́n ti tan ẹ̀rọ amúlégbóná ní òtútù London, páálí yóò gbẹ, yóò súnkì, àárín káàdì ni yóò wá wú sókè. Káàdì tó ká báyìí kì í ṣe ayédèrú, kò sì tíì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fi ta ayò níbi ìdíje, adájọ́ lè ní kí ẹ yọ ọ́ kúrò, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè dá a mọ̀ láàárín àwọn yòókù láìtíì ṣí i.

Bí a ṣe ń tún un ṣe kò le, sùúrù ló ń fẹ́. Ẹ ra àpótí ike tó ní ìdérí tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà wọlé, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin afẹ́fẹ́, àti àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin nígbà tó bá pọ̀, tó sì ń tú u sílẹ̀ nígbà tó bá kéré. Boveda wà lára àwọn tó ń ṣe é. Ẹ mú èyí tí yóò gbé ọ̀rinrin sí nǹkan bí ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ kó káàdì sínú àpótí náà, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Páálí yóò padà sí ìwọ̀n rẹ̀, káàdì yóò sì nà. Sílíkà tí wọ́n ń bá nínú páálí bàtà kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, ó lè gbẹ káàdì jù débi tí yóò ká sí òdìkejì. Áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun àti oòrùn gbọ́dọ̀ jìnnà sí i pátápátá. Ní ilé tí iná ìjọba ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má gbára lé ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí ọ̀rinrin inú yàrá yóò máa lọ sókè sódò pẹ̀lú iná. Àpótí tó dé dáadáa dára jù ú lọ.

Kí káàdì kọ̀ọ̀kan wọ ọ̀rá méjì: èyí tó fún mọ́ ọn lára ni kí ẹ kọ́kọ́ ti orí káàdì bọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọ inú ọ̀rá kejì, kí ẹnu ọ̀rá méjèèjì má bàa wà níbì kan náà. Ọ̀rá polypropylene ni kí ẹ rà, kì í ṣe PVC, nítorí PVC máa ń tú kẹ́míkà sílẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ojú káàdì bí ọdún ti ń gorí ọdún. Álíbọ́ọ̀mù tí ẹnu àpò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò ní òrùka irin, ló dára. Àwọn tó níye lórí jù ni kí ẹ fi sínú ike líle.

Àwọn ayẹ̀káàdìwò bíi PSA, BGS àti CGC máa ń yẹ káàdì wò, wọ́n máa ń fún un ní máàkì láti 1 dé 10, wọ́n sì máa ń dì í pa mọ́ inú ike. Owó tí wọ́n ń gbà kò yẹ káàdì kékeré, ṣùgbọ́n fún fóìlì Urza's Destiny tó mọ́ tónítóní, ó tó bẹ́ẹ̀, nítorí òǹrajà tó wà ní ọ̀nà jíjìn yóò ní ohun tó lè gbára lé. Ẹ ya àwòrán ojú àti ẹ̀yìn káàdì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rà á, iye tí ẹ rà á àti ẹni tó tà á fún yín, kí ẹ sì fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà sí ibòmíràn tí kì í ṣe inú ilé tí àwọn káàdì wà. Bí ẹ bá ń fi ọ̀kan ránṣẹ́, ẹ fi ike líle há a sáàárín páálí méjì tó tóbi jù ú lọ, kí ẹ fi téépù tí kò lẹ̀ jù dì í, kí ẹ fi ọ̀rá wé e nítorí òjò, kí ẹ sì san owó ìtọpinpin àti ti ìbánigbófò kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín.